Kò Sí Ìrun Láìsí Àlùwàlá: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọmọ Sánáwì Tí Ń Wojú Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí korò díẹ̀, ṣùgbọ́n agbo tó ń wo àìsàn kì í sábà dùn lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbà á mu.

Nígbà tí ọmọ wa bá jáde Sánáwì, tí ó gba fọ́ọ̀mù yunifásítì, tí wọn kò mú un, ohun tí a ó máa gbọ́ ni pé, "Wọ́n kórìíra ẹ̀sìn wa ni." Àwọn kan ń sọ ọ́ níbi wólímà, àwọn kan ń sọ ọ́ lórí míńbárì. Àwa ní kí a kọ́kọ́ wádìí: ṣé ìkórìíra ni, àbí ọmọ náà kò mú ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́?

Ohun tí wọ́n ń béèrè kò fara sin. Ẹni tí yóò wọ yunifásítì ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún nínú ìdánwò àṣejáde girama, bíi ti WAEC tàbí ti NECO. Kò gbọdọ̀ jókòó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kí ó tó kó márùn-ún náà jọ, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò JAMB, tí í ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan níbẹ̀ náà, 400 sì ni gbogbo máàkì rẹ̀. Ní oṣù Ọkitóbà 2025, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ kéde pé kírẹ́díìtì nínú ìṣirò kì í ṣe dandan mọ́ fún àwọn tó ń lọ sí ẹ̀ka Áàtì. Ẹrù kan fúyẹ́ nìyẹn fún ọmọ tó fẹ́ kọ́ èdè Lárúbáwá. Ṣùgbọ́n ti Gẹ̀ẹ́sì dúró digbí.

Kí ló wá burú nínú kí wọ́n béèrè májẹ̀mú? Ṣebí àwa Mùsùlùmí ló yẹ kí ọ̀rọ̀ májẹ̀mú yé jù lọ. Ìrun ní májẹ̀mú tirẹ̀: àlùwàlá, aṣọ mímọ́, ibi mímọ́, kíkọjú sí Kíbìlà, kí àkókò sì wọlé. Ẹni tó mọ̀ pé òun kò ní àlùwàlá, tó dìde tó fi ohùn dídùn ka Súrátù Bákárà tán lórí ìdúró, kò kírun. Kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé Lèmọ́mù ló kórìíra rẹ̀. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni àlùwàlá yunifásítì.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé-ẹ̀rí kì í ṣe ohun tí Òyìnbó kọ́kọ́ kó wá bá wa. Kí wọ́n tó dá yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, ó ti lé ní 900 ọdún tí Al-Azhar ti ń kọ́ni ní Káírò. Láti ayé àwọn onímọ̀ ìṣáájú ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ka ìwé níwájú olùkọ́, kí olùkọ́ tó fún un ní ìjáàsà láti fi í kọ́ ẹlòmíràn. Ta ló wá sọ fún wa pé ìdánwò jẹ́ ọ̀tá kéwú?

Àwọn kan á ní, "Ẹni tó fẹ́ kọ́ Lárúbáwá, kí ni Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ṣe fún un?" Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ẹ̀ka yòówù kó wà, tí kì í ṣe iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe tí wọ́n ń pè ní GST, lílo èdè Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára rẹ̀. Dígírì ọlọ́dún mẹ́rin kò gbọdọ̀ dín ní 120 yúníìtì. Ẹni tí GST bá ti kù sí lọ́rùn kò lè gba dígírì, ìbáà ṣe òun ló mọ Náhwù jù ní kíláàsì. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pàṣẹ fún Zayd ọmọ Thábit kí ó lọ kọ́ èdè àwọn Yéhúdì, ó sì kọ́ ọ kíákíá. Èdè náà kò bà á nínú ẹ̀sìn jẹ́. Zayd yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó kó Àlùkùránì jọ.

Ẹ má sì rò pé májẹ̀mú parí sí ẹnu-ọ̀nà. Àkàbà ni ọ̀rọ̀ yìí. Lórí òṣùwọ̀n alákàá márùn-ún tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń lò, 4.50 sókè ni ipò kìn-ín-ní, 3.50 sí 4.49 ni ipò kejì òkè, 2.40 sí 3.49 sì ni ipò kejì ìsàlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe Másítà, ipò kejì ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gba ipò kẹta, wọ́n lè ní kó kọ́kọ́ lọ ṣe dípúlómà mìíràn. Nínú Másítà, yóò gba kíláàsì, yóò sì kọ ìwé ìwádìí. Máàkì Másítà yẹn ni wọ́n tún máa wò kí wọ́n tó gbà á fún oyè Ọ̀mọ̀wé, níbi tí yóò ti ṣe ìwádìí tuntun, tí yóò sì gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùyẹ̀wò. Gbogbo wa ni a fẹ́ kí ọmọ wa di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fẹsẹ̀ tẹ àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, báwo ni yóò ṣe dé òkè?

Ẹlòmíràn á ní òun yóò gba Mádínà tàbí Káírò lọ. Ó dára, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Yunifásítì Ìsìláàmù Mádínà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá padà dé, tí ó fẹ́ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ nínú NYSC, wọn yóò tún béèrè ìwé-ẹ̀rí girama. Ohun tó sá fún nílé ló tún pàdé lẹ́nu ibodè.

Àwọn wo ni à ń bá wí? Àwọn olùdásílẹ̀ ilé-kéwú tó ń gba owó wólímà, tó ń wé láwàní fún ọmọ, ṣùgbọ́n tí wọn kò sọ fún baba rẹ̀ pé ìwé Sánáwì náà nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì Nàìjíríà. Ọmọ ti lo ọdún mẹ́fà, ó ti lé ní ogún ọdún, ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti A, B, D. Ìyẹn kọ́ ni ìfẹ́ ẹ̀sìn. Àmáná tí a fi sọ́wọ́ ẹni ni ọmọ jẹ́.

A kò ní yunifásítì kò ní àléébù tirẹ̀. Ó dùn wá pé ọmọ tí kò lè ka ojú-ewé kan láìsí fátíhà lórí rẹ̀ lè wọlé kọ́ ìmọ̀ Ìsìláàmù nítorí kírẹ́díìtì, kí ẹni tó ka Táfúsírì já sì wà níta. Ó yẹ kí wọ́n ka Sánáwì sí. Ṣùgbọ́n àpótí òfo ni a ó gbé lọ fún wọn, bí a bá ń jà fún ẹ̀tọ́ tí ọmọ wa kò sì mú májẹ̀mú wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùdásílẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò láti Ìdáádì. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní Sánáwì tí kò tíì jókòó fún ìdánwò girama. Àjọ NBAIS tó wà ní Kàdúná ń ṣe ìdánwò àṣejáde fún ilé-ìwé Lárúbáwá. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì bi yunifásítì tí ọmọ ń lọ bóyá wọ́n ń gbà á. Ẹ̀yin òbí, owó ìdánwò ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ sílẹ̀ ṣáájú owó aṣọ wólímà, ẹ má sì yọ ọmọbìnrin sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ra èsì, ẹ má wọ ibi tí wọ́n ti ń ta ìdáhùn. Omi ìdọ̀tí kò ṣe é ṣe àlùwàlá.

Igi gànnràn-gànnràn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìrun ti ń bọ̀, omi sì wà nínú kẹ́tù. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a ṣe àlùwàlá kí wọ́n tó pe ìkómọ̀. Àmín.