Òkúta Ìjerò àti Ẹ̀kọ́ Átọ̀mù

Ní Ìjerò a ń wa òkúta tí ó ní tántálọ́ọ̀mù àti lítíọ́ọ̀mù nínú, a sì ń tà á ní àpò-àpò láìmọ ohun tí àwọn onímọ̀ ń fi irú rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí n wí ọ̀kan nínú rẹ̀.

Nínú kóró átọ̀mù lítíọ́ọ̀mù tí ó wọ́pọ̀ jù, prótọ́ọ̀nù 3 àti nútírọ́ọ̀nù 4 ni ó wà. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí nútírọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ 8, tí ẹ̀mí rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ní ọdún 1985 ni Isao Tanihata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, pé kóró yìí tóbi rékọjá bí a ti rò.

Bí ọdẹ ti í dẹ ẹ̀bìtì ni a ṣe ń mú un. Ní ilé ìwádìí CERN, ní Geneva, wọn a kó ewé tántálọ́ọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ, wọn a mú un gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 2,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọn a sì ta prótọ́ọ̀nù lù ú. Ó ní láti fẹ́lẹ́, kí ó sì gbóná, kí kóró tuntun náà lè jáde kí ó tó kú. Tántálọ́ọ̀mù kì í sì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 3,000. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ olùṣọ́. Nútírọ́ọ̀nù kò ní iná mànàmáná lára, kì í tètè fi ipasẹ̀ sílẹ̀; nítorí náà ni a fi ń to ọ̀pá ike sí ọ̀nà rẹ̀, pé bí ó bá gbá prótọ́ọ̀nù inú ike náà, kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn.

Ẹnìkan yóò wí pé, kí ni èyí kan àgbẹ̀ Arámọ̀kọ tàbí oníṣòwò Ẹ̀fọ̀n? Mo dáhùn pé ẹni tí kò mọ ohun tí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò dá iye lé e. Èmi kò wí pé kí a kọ́ irú CERN sí Ìjerò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2008 ni a gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí a ṣe láti ta prótọ́ọ̀nù lu èérún òkúta, kí ẹ̀rọ olùṣọ́ sì ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni. Kìkì pé ti Geneva pọ̀ ju tiwa lọ ní agbára.

Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 pàṣẹ kí ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà bá ìlú tí ó gbà á sílé ṣe àdéhùn. Nítorí náà, ó tọ́ kí Ajerò, Alárá àti Aláayè pẹ̀lú àwọn ìjòyè wọn rí i pé a kọ nǹkan méjì sínú irú àdéhùn bẹ́ẹ̀: pé kí a yẹ òkúta wò nílé ẹ̀kọ́ gíga kí a tó tà á, àti pé kí a fi nínú èrè rẹ̀ ra ohun èlò ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì fún àwọn ilé-ìwé wa. Ẹ̀bìtì tí kò pa eku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Àdéhùn tí kò bá mú ìmọ̀ wá fún àwọn ọmọ wa, kí ó fi òkúta sílẹ̀ fún wa.