Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ariwo Hẹlikọ́pítà ní Lomé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ara. Bí ó bá tó ẹyẹ, ó yẹ kí ó tó hẹlikọ́pítà láì kọjá lórí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya hẹlikọ́pítà sọ́tọ̀ kúrò lára bàálù, nítorí ẹjọ́ wọn kò dọ́gba. Pápá ọkọ̀ òfurufú Gnassingbé Eyadéma wà láàárín ilé àwọn ènìyàn, nǹkan bíi kìlómítà 5 sí àárín ìlú Lomé. Ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ tí wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀ ni bàálù gbọ́dọ̀ dojú kọ. Ẹni tó bá ń gbé lábẹ́ ìlà náà, orí rẹ̀ ni yóò gbà. Hẹlikọ́pítà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè gòkè lójú kan, ó lè yà sọ́tùn-ún, ó lè yà sósì. Bí ó bá wá gba orí Tokoin, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá Sylvanus Olympio wà, tàbí orí Anagokomé, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ ń rántí àwa Ànàgó, a jẹ́ pé ẹnì kan ló yan ọ̀nà yẹn. Ohun tí ènìyàn yàn, ènìyàn lè yí i padà.

Kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú èyí? Ní ọdún 1911, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Étienne Lombard, ṣàlàyé pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ariwo á máa gbé ohùn sókè láìfura. Ohun tí olùkọ́ ń ṣe nìyẹn nígbà tí hẹlikọ́pítà bá ń lu afẹ́fẹ́ gbì-gbì-gbì lókè. Ìró náà rinlẹ̀, ògiri àti fèrèsé kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a dúró. Àgbàlagbà tó ń gbọ́ èdè abínibí rẹ̀ lè fi òye dí àlàfo ọ̀rọ̀ tí ariwo gbé lọ. Ọmọdé tó ń sọ Ewe, Mina, Kabiyè tàbí Yorùbá nílé, tó sì ń fi Faransé kẹ́kọ̀ọ́, kò tíì ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi dí i. Ariwo kan náà ni, àdánù tọmọdé ló pọ̀ jù.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2005, lórí àwọn ọmọ ọdún 9 sí 10 tó lé ní 2,800 lágbègbè pápá ọkọ̀ òfurufú London, Amsterdam àti Madrid, fi hàn pé bí ariwo bàálù ṣe ń pọ̀ sí i ni òye ìwé kíkà ń dín kù. Ní Munich, ní Jámánì, nígbà tí wọ́n ti pápá àtijọ́ pa ní 1992, ìwé kíkà àwọn ọmọ ìtòsí rẹ̀ sunwọ̀n sí i. Lóòótọ́, bàálù ni wọ́n wò níbẹ̀, ṣùgbọ́n etí tí ariwo dí, dídí ni.

Àwọn kan á ní ààbò ìlú ló jù. Mo gbà. Ẹni tó ń gbé aláìsàn tàbí tó ń wá ẹni tó rì sókun, kí ó gba ibi tó bá yá jù. Ṣùgbọ́n ìdánrawò kì í ṣe pàjáwìrì. Àdéhùn Chicago ti 1944, ní ẹsẹ 3 rẹ̀, kò kan ọkọ̀ òfurufú ológun, ti aṣọ́bodè àti ti ọlọ́pàá. Nítorí náà, òfin tiwa nílé ló lè mú wọn.

Ohun mẹ́ta ni mo dábàá. Èkíní, kí hẹlikọ́pítà máa gba orí òkun, kí ó sì gba ọ̀nà tó kúrú jù wọ ìlú. Ní London, wọ́n ti ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún wọn, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì tẹ̀lé odò Thames. Èkejì, kí a fi òfin de bí yóò ṣe ga tó àti wákàtí tó lè fò. Ẹ̀kẹta, kí àjọ ANAC ní ibi tí ará àdúgbò lè fẹjọ́ sùn ní èdè tó gbọ́. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ lè bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, àdúgbò.

Ẹnu ẹni la fi ń kọ mè-é-jẹ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.