Ọgbọ́n Kì Í Dípẹtà

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ṣáájú ọdún 1994, àwọn tálákà tí ń gbé inú ahéré páànù ní South Africa rìnrìn-àjò lọ sí Bombay ní Íńdíà, ìlú tí à ń pè ní Mumbai lónìí. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tí ń sùn lẹ́bàá títì ní àdúgbò Byculla ni wọ́n lọ.

Láti 1986 ni àwọn obìnrin náà ti ní ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Mahila Milan. Wọ́n ń dá owó kékeré jọ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń yá ara wọn. Wọ́n ń ka ara wọn láti ahéré dé ahéré, kí ìjọba má baà wí pé òun kò mọ iye wọn.

Ẹlòmíràn yóò wí pé: “Kí ni aláìnílé ń wá lókè òkun? Kí wọ́n fi owó ọkọ̀ náà ra páànù fún un.” Èmi kò fara mọ́ ọn. Páànù a máa dípẹtà. Ọgbọ́n kì í dípẹtà. Nígbà tí àwọn ará South Africa dá ẹgbẹ́ aláìnílé tiwọn sílẹ̀ ní 1994, owó àjọ ojoojúmọ́ ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, àjọ kò ṣàjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n èwo nínú rẹ̀ ni ó ti gba ilé fún opó tí wọ́n lé síta? Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú ìjọ wa. Kí Ọlọ́run ràn wá lọ́wọ́. Àmín.