Èdè-Ìperí fún Ìwádìí Ìṣègùn ní Ẹ̀ka Pàjáwìrì

Ìlànà tí a fi ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kò tó fún ọ̀rọ̀ tí a ó lò níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka àlàyé lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹbí ẹni tí ọkọ̀ gbá kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá gba Ìsọlọ̀ kọjá, ilé-ìwòsàn gbogbogbòò ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì wà ní àdúgbò náà. Bí a bá fẹ́ ṣe ìwádìí tí yóò mú ìtọ́jú pàjáwìrì sunwọ̀n sí i ní irú ibẹ̀, Yorùbá ni a ó fi bi ọ̀pọ̀ ẹbí bóyá wọ́n gbà tàbí wọn kò gbà.

Ìwádìí tí a mọ̀ sí CRASH-2 jẹ́ àpẹẹrẹ. Ilé-ìwòsàn 274 ní orílẹ̀-èdè 40, tí Nàìjíríà wà lára wọn, ni ó kópa nínú rẹ̀. Àwọn tí ó farapa tí a gbà wọlé jẹ́ 20,211. A fún apá kan ní tranexamic acid, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì tún yọ́. A fún apá kejì ní omi iyọ̀. Èsì rẹ̀ jáde ní 2010: nínú 1,000 tí ó gba omi iyọ̀, 160 kú, nínú 1,000 tí ó gba oògùn, 145. Ìtúpalẹ̀ ti 2011 fi hàn pé láàárín wákàtí 3 tí ènìyàn farapa ni oògùn náà ṣàǹfààní. Lẹ́yìn èyí, ó jọ pé ó tilẹ̀ lè pani lára. Àlàyé tí kò já geere ń jẹ nínú wákàtí wọ̀nyí.

Ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ, nígbà náà? ‘Ìdánwò’ kò yẹ: ẹni tí ó bá gbọ́ pé a fẹ́ dán oògùn wò lára ọmọ òun yóò gbé ọmọ rẹ̀ sá lọ. ‘Ìwádìí ìfiwéra’ sàn jù, nítorí fífi ìtọ́jú kan wé èkejì gan-an ni iṣẹ́ náà. ‘Oògùn irọ́’ burú ju èyí lọ, nítorí ayédèrú oògùn ni ará ọjà yóò gbọ́. Bí ó bá jẹ́ omi iyọ̀, kí a pè é ní omi iyọ̀, kí a sì fi kún un pé ìtọ́jú yòókù kò yí padà. Ní ti bí a ṣe pín àwọn aláìsàn, àwọn kan lè fẹ́ ‘pínpín láìṣojúsàájú’. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó fi òtítọ́ pamọ́. ‘Ìfikèképín’ le díẹ̀, síbẹ̀ ó sọ ọ́ gbangba pé dókítà kọ́ ni ó yàn.

Òtítọ́ yìí ṣe pàtàkì. Ní Kano ní 1996, a lo oògùn tuntun, Trovan, nínú ìwádìí lórí ọmọ 200 tí àrùn yírùnyírùn ń ṣe. Àríyànjiyàn lórí bóyá àwọn òbí mọ̀ pé ìwádìí ni, tí wọ́n sì yọ̀ǹda, di ẹjọ́ ọlọ́dún gbọọrọ. Ní 2009 ni ilé-iṣẹ́ Pfizer àti ìjọba Kano tó parí rẹ̀. Ìfọwọ́sí nìkan kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ìyọ̀ǹda pẹ̀lú òye ni a ń wá.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí àwọn atúmọ̀ èdè gbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tọ awakọ̀ àti oníṣòwò Ìsọlọ̀ lọ kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọn kò bá lè túmọ̀ padà lẹ́nu ara wọn, kí a má fi bèèrè ẹ̀mí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.