Ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọni: Kí òbí tó fi ọmọ sídìí karate

Ẹni tó bá mọ Ọgbà dáadáa yóò mọ bí àdúgbò náà ṣe máa ń rí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń jáde ní àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Acme Road àti Wempco Road, tí ọkọ̀ akẹ́rù, dáńfó àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá sì ti dí ara wọn lọ́nà. Ó ti rẹ oníkálùkù. Ọ̀rọ̀ ṣéńjì kékeré láàárín kọ̀ńdọ́kítọ̀ àti èrò ọkọ̀ lè di ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ fa ara wọn láṣọ ya. Láti Ọgbà dé Agége, láti Ìjú dé Ìkẹjà, ta ni kò tíì rí irú ìjà bẹ́ẹ̀ rí?

Bóyá ara ìdí nìyí tí àwọn òbí kan ṣe ń fẹ́ kí ọmọ wọn kọ́ ìjà. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ń fi taekwondo tàbí karate kún eré ìdárayá kò ṣọ̀wọ́n mọ́ nílùú Èkó. Ìyá kan yóò sọ pé òun ń sanwó rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà máa fìyà jẹ ọmọ òun. Bàbá mìíràn a ní ọmọ òun ti ń bínú jù, pé ẹ̀kọ́ náà yóò jẹ́ kó rọlẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì ń wá yàtọ̀ síra, ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan náà ni wọ́n sì ti ń wá a. Ǹjẹ́ ẹ̀kọ́ ìjà lè fún ojo ní ìgboyà, kó sì tún pa iná ìbínú lára oníjàgídíjàgan? Ó lè ṣe é. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ ìjà ló ń ṣe é, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo Israel Adéṣànyà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó lọ́dún 1989. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó kọ́ taekwondo díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Òpèbí, tí kò jìnnà sí Ọgbà, kí ìyá rẹ̀ tó yọ ọ́ kúrò nítorí pé ó farapa. Nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó lọ sí New Zealand, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fìyà jẹ ẹ́, ó sì ti sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé ohun tójú òun rí nígbà náà wà lára ohun tó sún òun dé ìdí ìjà. Lẹ́yìn tó kúrò nílé ẹ̀kọ́ girama ló tó bẹ̀rẹ̀ kickboxing. Ní 2019, ó gba bẹ́líìtì UFC.

Bí ìgboyà bẹ́ẹ̀ ṣe ń wá kò ṣòroó yé. Ọmọ tí wọn kò lù rí máa ń rò pé ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ló máa pa òun. Ẹni tí wọ́n ti dá lulẹ̀ nígbà igba, tó sì ń dìde, mọ̀ pé ìṣubú kọ́ ni ikú. Ẹ̀rù kì í bà á bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọkàn rẹ̀ sì ń balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìbínú ojú pópó ló jẹ́ pé ẹ̀rù ló bí i: ẹ̀rù pé wọ́n á fojú di èèyàn, ẹ̀rù pé wọ́n á pè é ní ojo.

Àmọ́ ìjọra-ẹni-lójú wà lójú ọ̀nà. Àkókò tó léwu jù kì í ṣe ìgbà tí ọmọ kò mọ nǹkan kan, kì í sì í ṣe ìgbà tó bá gba bẹ́líìtì dúdú. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ni, nígbà tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ gbáni létí, tó wá ń wá ẹni tó máa dán an wò lára. Àbúrò rẹ̀ nílé ló máa kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, kó tó kan ọmọ kíláàsì rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Ògbóǹtarìgì pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lóṣù Kẹrin 2023, nígbà tí Adéṣànyà fi ẹ̀ṣẹ́ gbé Alex Pereira ṣubú nílùú Miami, tó gba bẹ́líìtì rẹ̀ padà, ó yíjú sí ọmọ Pereira láàárín èrò, ó sì ṣubú lulẹ̀ láti fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Àlàyé rẹ̀ ni pé ọmọ náà ti fi òun ṣe irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 2017, nígbà tí bàbá rẹ̀ lu òun bolẹ̀ ní Brazil. Ọdún mẹ́fà gbáko ni àgbàlagbà fi di ọ̀rọ̀ ọmọdé sínú!

Ti Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣágámù wá, tó sì lo ìgbà díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, tún kọ́ni lọ́gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2007 ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní London. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ń tún ìwà ṣe lọ́gán ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Àmọ́ ní 2009, ìjà gbé e dé àtìmọ́lé nílùú Reading. Ní 2011, ọlọ́pàá tún bá igbó nínú ọkọ̀ rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì ní kó lọ ṣiṣẹ́ ìlú fún ọgọ́rùn-ún wákàtí. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ló tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní 2012. Síbẹ̀, lóṣù Kẹjọ 2022, nígbà tí Oleksandr Usyk nà án lẹ́ẹ̀kejì ní Jeddah, ó ju bẹ́líìtì síta láti inú ríìngì, ó bínú jáde, ó tún padà wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Kò pẹ́ tó fi jẹ́wọ́ pé ohun tí òun ṣe kò dára.

Yorùbá ní ìjà kò dọlà, orúkọ ló ń sọni. Fún àwọn méjèèjì yìí, ìjà ti dọlà. Ṣùgbọ́n apá kejì òwe náà kò yẹ̀: lọ́jọ́ tí wọn kò lè kó ara wọn níjàánu, orúkọ wọn ló fara gbá a.

Àwọn onímọ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1986, Michael Trulson tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọkùnrin 34 tí wọ́n ti ya ìpátá. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní taekwondo ti àtijọ́, tòun ti ìtẹríba, ìfarabalẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìwà. Wọ́n kọ́ àwọn kejì ní ìjà lásán. Àwọn kẹta ń ṣe eré ìdárayá mìíràn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, jàgídíjàgan àwọn àkọ́kọ́ ti rọlẹ̀, wọ́n sì ti ń fi ojú tó dára wo ara wọn. Ti àwọn tó kọ́ ìjà lásán, ńṣe ló burú sí i. Ní 2005, Endresen àti Olweus ní Norway sọ pé ìwàkiwà pọ̀ sí i lára àwọn ọmọkùnrin tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, tó ń jìjàkadì, tó ń gbé irin tàbí tó ń kọ́ ìjà àwọn ará Éṣíà. Ẹni tó bá ka ọ̀kan ṣoṣo nínú méjèèjì lè ṣìnà. Bí èèyàn bá kà wọ́n pọ̀, yóò rí i pé ọwọ́ olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Èyí kò ṣàjèjì sílẹ̀ Yorùbá. Ojú agbo ni wọ́n ti ń ja ìjàkadì. Ẹni tí wọ́n bá dá ti ṣubú nìyẹn, ìjà parí. Nínú judo tí Jigoro Kano dá sílẹ̀ ní Japan ní 1882, bí wọ́n ṣe ń ṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ, kó tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ẹlòmíì. Wọ́n ń tẹrí ba fúnra wọn kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ń tẹrí ba nígbà tó bá parí.

Àwọn kan yóò sọ pé Èkó kò gba ìtẹríba, pé ẹni tó bá rọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹsẹ̀ gbá kọ̀ńdọ́kítọ̀ lágbárí nítorí igba náírà lè ṣekú pa ọmọ ọlọ́mọ. Abala 33 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 fàyè gba kí èèyàn gbèjà ara rẹ̀, àmọ́ níwọ̀n tó yẹ ni. Èébú kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbèjà. Bẹ́líìtì dúdú kì í sì í dá ọta ìbọn dúró.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ wo olùkọ́ náà lẹ́nu iṣẹ́. Ṣé ó máa ń bú àwọn ọmọ? Ṣé ó máa ń jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n jù bá àwọn tó jù ú lọ jà, kó lè mọ bí ìṣubú ṣe rí? Ṣé ó máa ń béèrè ìwà ọmọ nílé àti nílé ẹ̀kọ́ kó tó fún un ní bẹ́líìtì tuntun? Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Ẹ sì rántí pé ọmọ tó bá rí i tí bàbá rẹ̀ ń lu awakọ̀ lójú títì ti ní olùkọ́ mìíràn nílé.

Ọmọ tó gba bẹ́líìtì dúdú wálé, tó ṣì ń lu àbúrò rẹ̀, owó òbí rẹ̀ ti ṣòfò. Èyí tó lè gbọ́ èébú lójú pópó Ọgbà, tó gba ṣéńjì rẹ̀ tàbí tó fi í sílẹ̀, tó sì bá tirẹ̀ lọ, òun ló kọ́ ìjà yanjú.