Ẹ Má Rọ Ọmọ Ajá Lépo Mọ́

Ní Òsí, ní Ìlọ́fà àti ní àwọn abúlé tó yí wọn ká ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ajá níṣẹ́ lọ́wọ́. Òun ní í ṣọ́ ilé lóru, òun ní í bá ọdẹ lé ọ̀yà jáde nínú ìgbẹ́. Síbẹ̀, bí ọmọ ajá bá ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ìgò epo pupa ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Wọ́n á ní májèlé ló jẹ, wọ́n á di ẹnu rẹ̀ mú, wọ́n á rọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Epo kì í pa oró májèlé. Ajá tó ń bì kì í lè gbé ohun tí wọ́n bá rọ ọ́ mì dáadáa. Epo lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kó di àìlèmí. Èyí tó bá sì dé inú, ìgbẹ́ ló máa fi kún.

Omi tó ń tán lára ni í pa ọmọ ajá. Ohun tí ajá àgbà á fara dà fún ọjọ́ méjì lè pa ọmọ oṣù méjì láàárín ọjọ́ kan. Ẹ fọwọ́ kan èrìgì rẹ̀: bó bá gbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ìka, tàbí tó funfun, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé.

Ṣùgbọ́n bó bá ti já lẹ́nu ọmú, tó ṣì ń ju ìrù, tí kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ lè tọ́jú rẹ̀ nílé fún ọjọ́ kan. Ẹ dá oúnjẹ dúró fún wákàtí 4 sí 6, kó má jù bẹ́ẹ̀, torí ebi tètè ń mú ọmọ ajá dákú. Omi ni kẹ́ ẹ má dá dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa lá a, léraléra. Bó bá lá abọ́ kan tán lẹ́ẹ̀kan náà, yóò bì í. Omi oníyọ̀ tí à ń fún ọmọ ọwọ́ náà dára: lítà 1 omi tó ti hó tó sì ti tutù, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ṣíbí má ṣe kún bò. Bí kò bá fẹ́ ẹ, ẹ má rọ èyí náà.

Bí wákàtí wọ̀nyẹn bá pé, ẹ fún un ní ìrẹsì funfun tó rọ̀ dáadáa, pẹ̀lú ẹran adìyẹ sísè tí kò ní awọ, eegun, iyọ̀ tàbí ata; ìrẹsì ìlọ́po méjì ẹran, kékeré lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lóòjọ́. Ọbẹ̀ àná kọ́ o! Àlùbọ́sà inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Parasítámọ́ọ̀ àti oògùn tó ń dá ìgbẹ́ èèyàn dúró, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún èèyàn.

Bí ajá bá ń da itọ́ tí kò lè gbé nǹkan mì, tí ìṣe rẹ̀ sì yí padà, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu pé ẹ̀ ń wá eegun. Ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Bí itọ́ rẹ̀ bá kan ojú ọgbẹ́ yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, tí ikùn wú, tí kò lè dìde, tàbí tí ọjọ́ kan kọjá láìsí àyípadà, ẹ wá dókítà ẹran. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀, ní Àràrọ̀mí-Ọ̀pin tàbí Ìlọ́fà. Ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìlọrin náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà jìn. Nítorí ọ̀nà tó jìn yìí, ẹ wá nọ́ńbà dókítà sórí fóònù kí àìsàn tó dé.

Nínú àwọn àìsàn tó ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọ ajá, parvo ni mò ń bẹ̀rù jù. Ọdún 1978 ni wọ́n dá a mọ̀, kò sì sí oògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀. Omi dírípù àti ìtọ́jú ni í gba ajá là. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, kí wọ́n máa tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 kọ̀ọ̀kan títí ọmọ ajá yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Kòkòrò náà lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bó bá ti pa ajá kan lágbàlá yín, ẹ má mú òmíràn wá síbẹ̀ àyàfi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ti pé.