Ṣé Torí Mẹkáníìkì La Ṣe Wá sí Kánádà?

Ọmọ ọdún 11 ni mí. Kánádà ni wọ́n bí mi sí, ìlú Vaughan níbí la sì ń gbé. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá yín sọ. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un ṣe, ẹ má bínú.

Nínú oṣù kejì ọdún yìí, nígbà tí yìnyín ṣì bo gbogbo àdúgbò wa, Dádì mi ra alùpùpù méjì tó ti bàjẹ́. Kì í ṣe irú ọ̀kadà tó ń gbé èrò o. Dirt bike ni wọ́n, irú èyí tí wọ́n fi ń sáré nínú ẹrẹ̀ àti nínú oko. Ẹ́ńjìnnì ti àkọ́kọ́ ti nọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n férémù rẹ̀ ṣì le. Ti èkejì, férémù rẹ̀ ló ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára. Dádì ní a máa fi méjèèjì ṣe ẹyọ kan, èmi ni màá sì jẹ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a kó wọn wọ gáréèjì, Mọ́mì mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo gbogbo irin yẹn, wọ́n ní, "Ṣé torí mẹkáníìkì la ṣe wá sí Kánádà?"

Mọ́mì ò mọ̀ pé Bàbá Àgbà wà lórí fóònù. Dádì ti fi fídíò pè wọ́n kí wọ́n lè bá wa wo ẹ́ńjìnnì náà. Abẹ́òkúta ni Bàbá Àgbà ń gbé, mẹkáníìkì alùpùpù sì ni wọ́n. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi rán Dádì mi lọ sí yunifásítì. Bàbá Àgbà ò bínú, wọn ò sì pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ilẹ̀ ti ṣú jù níbí, ẹ jẹ́ n lọ sùn." Ni wọ́n bá pa fóònù. Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì kúnlẹ̀ níwájú fóònù, wọ́n tọrọ àforíjì, Bàbá Àgbà sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn parí láàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò parí lọ́kàn tèmi. Mo ti gbọ́ irú ìbéèrè yẹn lẹ́nu àwọn òbí míì náà, nígbà tí wọ́n bá ń dúró dè wá lẹ́yìn kíláàsì. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ dáhùn.

Ìdáhùn mi àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ mẹkáníìkì kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Two-stroke ni ẹ́ńjìnnì wa, 85cc. Nínú four-stroke, bíi ti ọkọ̀ tí ẹ fi gbé wa wá síbí, písítìnì máa ń gòkè sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí epo tó gbiná lẹ́ẹ̀kan. Nínú two-stroke, gbogbo ìgbà tó bá ti gòkè tó sọ̀kalẹ̀ lepo ń gbiná. Ìdí nìyẹn tó fi kéré tó sì lágbára. Ṣùgbọ́n inú epo bẹntiróòlù gan-an lèèyàn gbọ́dọ̀ po ọ́ìlì tó ń jẹ́ kí písítìnì yọ̀ mọ́. Ìwọ̀n tiwa ni 32 sí 1. Bí bẹntiróòlù bá jẹ́ lítà 1, ọ́ìlì mélòó la máa fi sí i? Mo pín 1,000 mìlílítà sí ọ̀nà 32, ó lé díẹ̀ ní 31. Bí ọ́ìlì bá kéré jù, irin á máa ha irin, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì. Bó bá pọ̀ jù, èéfín á bo gbogbo ibẹ̀, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí. Èéfín yẹn wà lára ìdí tí two-stroke fi dínkù lójú pópó. Ní ilé-ìwé ìjọba tí mò ń lọ, mo ti ṣe irú ìṣirò yìí sínú ìwé. Bí mo bá ṣì í níbẹ̀, máàkì ló máa lọ. Bí mo bá ṣì í ní gáréèjì, ẹ́ńjìnnì ló máa lọ.

Ẹ́ńjìnnì yẹn ò sì bá férémù yẹn mu rárá. A kọ́kọ́ fi páálí gé àwòrán irin tó máa dì í mú, a gbé e wò, a tún un gé nígbà mẹ́rin, kí jórinjórin tó wá jó irin gidi mọ́ ọn. A fi rúlà gígùn wò ó bóyá irin eléyín iwájú àti ti ẹ̀yìn tọ́ síra wọn, torí bí wọn ò bá tọ́, ṣéènì á máa yọ. Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀tì kan já bọ́ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ Dádì ò wọ ibẹ̀, tèmi ló wọ̀ ọ́. Bàbá Àgbà ní, "Ẹ ò rí i? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè." Mo ti kọ òwe yẹn sínú ìwé mi ní kíláàsì ní ọdún tó kọjá, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ń sọ.

Nínú oṣù karùn-ún la dán ẹ́ńjìnnì náà wò. Ìta la gbé e sí, torí èéfín ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tí wọ́n tì lè pa èèyàn. Bàbá Àgbà wà lórí fóònù. Dádì ta á lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Wọ́n ta á lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó dáhùn! Inú mi dùn débi pé mo fò sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Dádì dín iná rẹ̀ kù, ohùn rẹ̀ ò lọ sílẹ̀, ńṣe ló ń lọ sókè. Bàbá Àgbà pariwo látinú fóònù, "Ẹ pa á! Ẹ pa á kíá!" Èmi rò pé wọ́n rí ejò. Dádì ti yára tẹ bọ́tìnì, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì.

Bàbá Àgbà ní ẹ́ńjìnnì náà ń fa afẹ́fẹ́ níbi tí kò yẹ, ká lọ wo àárín kábúrétọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Lóòótọ́, rọ́bà ibẹ̀ ti là, ibi tó là ò sì ju fọ́nrán irun orí lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, epo á kéré, ọ́ìlì tó wà nínú epo náà á kéré, ẹ́ńjìnnì á gbóná títí á fi nọ́ọ̀kì. Bàbá Àgbà ò rí rọ́bà yẹn o. Ohùn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, láti Abẹ́òkúta! Òótọ́ ni pé bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ṣé irú èèyàn bẹ́ẹ̀ la fẹ́ máa fojú kéré?

Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹlòmíì. Ní ilẹ̀ Japan, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan wà, ọdún 1906 ni wọ́n bí i. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Tokyo. Ní ọdún 1946, lẹ́yìn ogun, ó rí àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn sójà fi ń fún rédíò wọn ní iná, two-stroke ni wọ́n. Ó gbé wọn sára kẹ̀kẹ́ ológeere. Ohun tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí láti fi móoru lórí ibùsùn ló kọ́kọ́ fi ṣe táńkì epo. Ẹ́ńjìnnì ibòmíì lára férémù ibòmíì, ohun tí a ṣe ní gáréèjì wa gan-an nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ni Soichiro Honda. Honda sì ni Mọ́mì mi ń wà lọ síbi iṣẹ́.

Ìjọba Ontario pàápàá ti mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ṣe pàtàkì. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ọmọ tó bá wọ Grade 9 gbọ́dọ̀ gba kírẹ́díìtì kan nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kó tó lè gba ìwé ẹ̀rí sẹ́kọ́ńdírì. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, a ṣì máa kọ́ ọ náà ni. Kí ló dé tí a ò fi bẹ̀rẹ̀ nílé?

Mọ́mì mi jàre lórí ohun kan o. Alùpùpù léwu. Òfin Ontario sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 kò gbọdọ̀ wa irú rẹ̀, àyàfi lórí ilẹ̀ ẹni tó ni ín, tàbí kí àgbàlagbà wà nítòsí tó ń ṣọ́ ọ. A ò sì gbé tiwa dé ojú títì Vaughan rí. Oko ọ̀rẹ́ Dádì kan la gbé e lọ. Mo dé akoto, mo wọ bàtà gígùn àti ìbọ̀wọ́, Dádì sì ń bá mi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Jíà kìíní nìkan ni mo lò, fún ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà, a dúró, a yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò, méjì ti dẹ̀. Mo ti wá mọ̀ pé kíkọ́ ọ nìkan ò tó. Èèyàn gbọ́dọ̀ ní sùúrù láti dán an wò díẹ̀díẹ̀.

Ohun tó kẹ́yìn ni ti èdè wa. Ní kíláàsì, mo máa ń ronú pẹ́ kí n tó sọ Yorùbá. Ní gáréèjì, kò sáyè ìyẹn. "Tú u." "Rọra." "Fún un sí i." "Jáwọ́ níbẹ̀!" Bàbá Àgbà ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi èdè Òyìnbó sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, èmi ni mo gbọ́dọ̀ gbọ́ tiwọn. Yorùbá tí mo gbọ́ láàárín oṣù mẹ́ta yẹn ju ti ọdún kan lọ.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí ilé-ìwé wa ya Sátidé kan sọ́tọ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn òbí tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ wá kọ́ wa, pẹ̀lú Yorùbá. Ẹni tó mọ aṣọ rán, ẹni tó mọ irun dì, jórinjórin, mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ má fi iṣẹ́ yín pamọ́ fún wa.

Mọ́mì mi ò tíì sọ pé mo jàre. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni wọ́n, Sátidé tó kọjá ni wọ́n gba ike ọ́ìlì lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ojú lásán ni mo fi ń wọ̀n ọ́n. Wọ́n mú síríǹjì wá, wọ́n fa 31 mìlílítà géérégé.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì tún bi mí pé ṣé torí mẹkáníìkì la ṣe wá sí Kánádà, mo ti mọ ohun tí màá sọ. Owó mẹkáníìkì la fi wá.